Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ àti Ohun tí Kò Lè Sọ Nígbà tí Lupus Bá Kan Ọpọlọ

Nínú gbogbo ìbéèrè tí àwọn ẹbí aláìsàn lupus máa ń bi wá ní yàrá àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ọ̀kan wà tí kì í rọrùn láti dáhùn. Wọ́n mọ̀ pé àrùn náà máa ń bá oríkèé ara jà, pé ó máa ń mú kí irun já, pé ó sì lè wọ kíndìnrín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí kò sùn lóru, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, wọ́n á fẹ́ kí á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí á sì sọ fún wọn bóyá lupus ni ó fà á tàbí nǹkan mìíràn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ fún ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó yẹ kí ó bi í, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè wa, nítorí pé owó tí àwọn ẹbí ń ná sórí àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí kì í ṣe kékeré.

Lupus jẹ́ àìsàn tí ó máa ń mú kí àwọn ọmọ-ogun ara, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lé kòkòrò àrùn jáde, kọjú ìjà sí ara tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n á máa pèsè èròjà agbóguntàrùn, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní antibody, lòdì sí ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ẹni náà fúnra rẹ̀. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí àìsàn yìí mú, nǹkan bí mẹ́sàn-án ni obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì wà ní ọjọ́ orí ọmọ bíbí. Àwọn ènìyàn dúdú ni ó máa ń le lára wọn jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń sọ pé kò wọ́pọ̀ ní Áfíríkà, àmọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2009 nípa àwọn aláìsàn lupus 66 tí wọ́n tọ́jú ní Èkó, ìwádìí náà sì jẹ́ kí ó hàn pé a kì í rí i nítorí pé a kì í wá a.

Ní ọdún 1999, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oríkèé ara ní Amẹ́ríkà to àwọn ọ̀nà tí lupus lè gbà kan ọpọlọ àti iṣan ara jọ, wọ́n sì rí oríṣi 19: 12 nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, 7 nínú àwọn iṣan tí ó tàn ká ara. Wárápá wà níbẹ̀, rọpárọsẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀fọ́rí, ìbànújẹ́ ọkàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, ìgbàgbé, ara jíjá bí ẹni ń jó láìfẹ́, àti irú ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ tí àwọn ará àdúgbò yóò kàn pè ní wèrè. Ẹni tí ó bá rò pé irú àwọn nǹkan tí ó yàtọ̀ síra tó báyìí yóò ní àmì kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ń wá ohun tí kò sí.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹbí kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń tọpasẹ̀ àwọn aláìsàn láti ìgbà tí a bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé lupus ni rí i pé, nínú gbogbo ìṣòro ọpọlọ tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni a lè fi tọkàntọkàn sọ pé lupus gan-an ni ó fà á. Ìyókù ni àrùn mìíràn, oògùn, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìdààmú ìgbé ayé, tàbí ohun tí ì bá ṣe ẹni náà bí kò tilẹ̀ ní lupus. Nítorí náà ni ìlànà tí àwọn dókítà ilẹ̀ Yúróòpù gbé jáde ní 2010 fi sọ pé ohun àkọ́kọ́ ni kí á ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí à bá ṣe fún ẹni tí kò ní lupus rárá, bí irú nǹkan kan náà bá ṣe é.

Ní ilẹ̀ tiwa níbí, èyí túmọ̀ sí ibà kí ó tó di ohunkóhun mìíràn. Ẹni tí ó ní lupus, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ó sì ń ṣe ségesège, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ibà lọ́jọ́ náà, kí á wo ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí á wo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, kí á sì wo urea àti creatinine, nítorí pé kíndìnrín tí lupus ti bàjẹ́ lè jẹ́ kí ìdọ̀tí kún inú ẹ̀jẹ̀ títí tí ọpọlọ yóò fi rú. Ọ̀pọ̀ oògùn lupus máa ń rẹ agbára àwọn ọmọ-ogun ara sílẹ̀, kòkòrò àrùn sì lè wọ inú omi tí ó yí ọpọlọ ká láìsí ariwo púpọ̀. Kò sí èyí tí ó wọ́n gógó nínú àwọn àyẹ̀wò wọ̀nyí, kò sì sí èyí tí ó yẹ kí á fò kọjá nítorí pé a ti gbọ́ orúkọ lupus.

Níbi yìí ni àyẹ̀wò CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó máa ń ga bí kòkòrò àrùn bá wọ ara, ti wúlò, mo sì máa ń fẹ́ kí àwọn dókítà kékeré béèrè fún un ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ. Bí lupus bá ru, ESR (ìwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò) máa ń ga, ṣùgbọ́n CRP sábà máa ń wà nílẹ̀ tàbí kí ó gòkè díẹ̀ péré. Bí CRP bá fò sókè gan-an lára ẹni tí ó ní lupus, ọkàn ẹni gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí kòkòrò àrùn. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, nítorí pé lupus tí ó bá wọ awọ ẹ̀dọ̀fóró tàbí awọ ọkàn náà lè gbé e ga, àmọ́ ó lè gba ẹ̀mí là, nítorí pé ìtọ́jú méjèèjì lòdì síra: ọ̀kan ń fẹ́ kí á rẹ àwọn ọmọ-ogun ara sílẹ̀, èkejì ń fẹ́ kí á jẹ́ kí wọ́n jà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ prednisolone. Oògùn yìí ni ó ń gba ọ̀pọ̀ aláìsàn lupus là, òun náà sì lè da orí rú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Boston, tí ó jáde ní 1972, fi hàn pé lára àwọn tí wọ́n ń lo prednisone, tí ó jẹ́ ìbejì prednisolone, tí kò ju 40 mg lọ lójúmọ́, 1.3% ni ọpọlọ wọn dàrú. Lára àwọn tí wọ́n ń lo ju 80 mg lọ, ó di 18.4%. Nítorí náà, bí ìdàrúdàpọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí a gbé ìwọ̀n oògùn ga, ọjọ́ tí a gbé e ga náà ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò lọ. Ẹbí kò gbọdọ̀ torí èyí dá oògùn náà dúró fúnra wọn o, nítorí pé dídá a dúró lójijì léwu púpọ̀; dókítà ni kí wọ́n sáré sọ fún.

Bí a bá ti wo gbogbo èyí, tí kò sì sí ìdí mìíràn, a lè wá bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ bóyá lupus ni, àti irú ọ̀nà tí lupus gbà wọlé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó wà. Ọ̀kan ni kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú òpó tí ó ń gbé e lọ sí ọpọlọ. Èkejì ni kí àwọn èròjà agbóguntàrùn, àti wíwú tí ìjà wọn ń fà, gbógun ti ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ìtọ́jú wọn kò bá ara wọn mu: oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni ti àkọ́kọ́, methylprednisolone àti cyclophosphamide ni a sábà máa ń lò fún èkejì bí ó bá le. Ìdí tí mo fi rò pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì tọ́ sí owó rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ èwo ni.

Ti ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó lágbára jù lọ nínú gbogbo àwọn àmì tí a ní. Èròjà agbóguntàrùn mẹ́ta ni à ń wá: lupus anticoagulant, anticardiolipin, àti anti-β2 glycoprotein I. Láti ọdún 1983 ni dókítà Graham Hughes ní ìlú London ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, oyún tí ó ń bàjẹ́ léraléra, àti àìsàn ọpọlọ. Nínú aláìsàn lupus mẹ́wàá, a máa ń rí ọ̀kan nínú èròjà mẹ́ta yìí lára nǹkan bí mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ọ̀dọ́bìnrin tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ní rọpárọsẹ̀, bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń jó fúnra wọn, tàbí bí oyún bá ti ń bọ́ lára rẹ̀ kí wárápá tó dé, àyẹ̀wò mẹ́ta yìí ni kí á kọ́kọ́ fi owó sí. Ìwádìí tí ó tọpasẹ̀ aláìsàn tuntun 1,047, tí ó jáde ní 2011, fi hàn pé àwọn tí lupus anticoagulant ti wà lára wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú orí wọn jù lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn.

Àmọ́ a kì í ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí á fi ọwọ́ sọ̀yà. Ibà, HIV, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní syphilis lè mú kí anticardiolipin yọ jú fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì tún wọlé padà. Nítorí náà ni ìlànà tí ó jáde ní 2006 fi pa á láṣẹ pé kí á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ó kéré tán, kí á tó gbà pé ó dúró. Ní ìlú tí ibà kì í jìnnà sí wa, àtúnṣe yìí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì tún ní ẹ̀yìn kan tí ó ti da ilé rú: àwọn èròjà kan náà lè mú kí àyẹ̀wò VDRL sọ pé obìnrin kan ní syphilis nígbà tí kò ní in. Mo ti rí ibi tí èsì VDRL mú kí ọkọ fura sí ìyàwó rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó rántí pé oríkèé ara rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún tí ó kọjá. Àyẹ̀wò TPHA, tí ó jẹ́ àyẹ̀wò syphilis mìíràn, ni ó máa ń tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ palẹ̀, ó sì yẹ kí á ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu.

Èròjà tí àwọn ènìyàn ń kà nípa rẹ̀ jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni anti-ribosomal P. Ní ọdún 1987 ni àwọn onímọ̀ kan kọ́kọ́ kéde pé wọ́n rí i lára àwọn aláìsàn lupus tí ọpọlọ wọn dàrú, gbogbo ayé sì rò pé a ti rí ohun tí à ń wá. Ní 2006, àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ 14 kó èsì àwọn aláìsàn lupus 1,537 jọ láti wò ó dáadáa. Nínú 100 tí lupus ti kan ọpọlọ wọn, nǹkan bí 26 péré ni àyẹ̀wò náà mú. Nínú 100 tí lupus kò kan ọpọlọ wọn, ó mú nǹkan bí 20. Ẹni tí ó bá ro ìṣirò yìí wò yóò rí i pé bí èsì náà bá jẹ́ pé kò sí, kò fi ọkàn ẹni balẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé ó wà, kò dá ẹjọ́ náà. Òótọ́ ni pé ìwádìí aláìsàn 1,047 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan rí i pé ó bá ìdàrúdàpọ̀ ọpọlọ rìn, n kò sì sọ pé kò ní ìtumọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹbí tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ni kì í ṣe é, ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ rìnrìn àjò lọ sí Èkó tàbí òkè òkun, aláìsàn kò sì lè dúró de èsì kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí èròjà kan fi lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì, kí ó da orí ọ̀kan rú, kí ó má sì ṣe èkejì ní nǹkan kan? Ìdáhùn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn jù wá láti ọ̀dọ̀ Betty Diamond àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n fi hàn pé lára àwọn èròjà tí ó ń gbógun ti DNA (ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) nínú lupus, àwọn kan wà tí wọ́n tún lè so mọ́ NMDA receptor, ìyẹn ẹnu ọ̀nà kan lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó ṣe pàtàkì fún ìrántí. Wọ́n wá jẹ́ kí èròjà yìí pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn eku, àwọn eku náà sì ń ṣe dáadáa. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: wọ́n ń jẹ́ kí ohun tí ó yẹ kọjá, wọ́n sì ń dá èyí tí kò yẹ dúró. Ìgbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní májèlé ara kòkòrò bakitéríà, tí asẹ́ náà fi là, ni èròjà náà tó wọlé, tí ó pa sẹ́ẹ̀lì ní apá ọpọlọ tí ó ń tọ́jú ìrántí, tí àwọn eku náà kò sì rántí ọ̀nà mọ́. Nígbà tí wọ́n fi èròjà ìpayà, epinephrine, ṣí i, apá tí ó ń ṣàkóso ẹ̀rù ni ó bàjẹ́. Èròjà kan náà ni o, ibi tí asẹ́ ti là ni ó pinnu àìsàn tí ó yọjú.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó jẹ́ kí ó yé mi ìdí tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn, tí àwọn ẹbí sì máa ń kọ̀ jálẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé yóò sọ ọmọ wọn di arọ. Ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò tíì wọ ọpọlọ dandan. Èyí tí ó wà nínú omi náà ti wọ ibi tí kò yẹ kí ó dé. Omi yìí kan náà ni ó sì ń sọ bóyá kòkòrò àrùn ni. Ìsàlẹ̀ ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ parí sí ni wọ́n ti máa ń fa á, ẹ̀fọ́rí ọjọ́ díẹ̀ sì ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á.

Anti-dsDNA (èròjà tí ó ń gbógun ti DNA) àti C3 pẹ̀lú C4 (àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń ran àwọn ọmọ-ogun ara lọ́wọ́) kì í ṣe àmì àìsàn ọpọlọ, wọ́n ń sọ bí lupus ṣe ń jó lọ́wọ́ ní gbogbo ara. Bí anti-dsDNA bá ga, tí C3 àti C4 sì wálẹ̀, ó jẹ́ kí ọkàn tẹ̀ sí pé lupus lè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n lupus lè kan ọpọlọ nígbà tí àwọn wọ̀nyí wà bó ṣe yẹ, àní MRI orí, ìyẹn àwòrán inú orí, pàápàá lè mọ́ láìsí àbàwọ́n. Ti ANA, àyẹ̀wò tí ó ń wá èròjà tí ń gbógun ti inú sẹ́ẹ̀lì, kò gba àlàyé púpọ̀: ó ń bá wa mọ lupus níbẹ̀rẹ̀ ni, títún un ṣe nígbà tí orí bá dàrú kò fi nǹkan kan kún ohun tí a ti mọ̀. Bí ojú bá ṣú lójijì tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì kò gbé ẹni mọ́, anti-aquaporin-4 ni kí á béèrè fún, nítorí pé ó ń tọ́ka sí àrùn kan tí ó lè bá lupus rìn, tí ìtọ́jú rẹ̀ sì dá yàtọ̀. Àwọn olùwádìí tún ń wo neurofilament light, èròjà kan tí ó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí okùn iṣan ọpọlọ bá bàjẹ́. Ó ga lára àwọn kan tí lupus kan ọpọlọ wọn, àmọ́ ohunkóhun tí ó bá ba okùn náà jẹ́ ni ó ń gbé e ga, kò sì tíì di àyẹ̀wò ojoojúmọ́.

Ìyá kan láti Ọ̀fà bi mí nígbà kan pé, “Dókítà, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ fà yẹn, ṣé ó sọ pé ànjọ̀nnú ni àbí àìsàn?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Àlàájà, n kì í ṣe dókítà, èmi ni mo ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀jẹ̀ ń dì níbi tí kò yẹ kí ó ti dì, oògùn sì wà fún un.” Ó ní àlùfáà àwọn ti ń ṣe àdúà sí omi fún ọmọ náà láti oṣù tí ó kọjá. Mo ní kí wọ́n má dá àdúà dúró, kí wọ́n má sì dá oògùn dúró. N kò rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ bá ìyá kan jà nítorí ohun tí ó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni oṣù tí ó ń kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í hù padà. Ẹni tí ó ń ti Òmù-Àrán, Ìgbàjà tàbí Ìlọ́fà bọ̀ wá sí Ìlọrin ti pàdánù àkókò lójú ọ̀nà kí ó tó dé. Kò yẹ kí ó tún pàdánù òmíràn nílé.

Ọ̀rọ̀ tiwa tí a ń ṣe àyẹ̀wò náà wà níbẹ̀. Inú ìgò kékeré tí ó ní citrate, aláwọ̀ búlúù lórí, ni à ń fa ẹ̀jẹ̀ lupus anticoagulant sí, ó sì gbọ́dọ̀ kún dé ojú àmì. A gbọ́dọ̀ tètè yí i nínú ẹ̀rọ, kí á yọ omi ẹ̀jẹ̀ náà, kí á tún un yí kí platelet (sẹ́ẹ̀lì kékeré tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì) má bàa ṣẹ́kù síbẹ̀, kí ó tó wọ inú yìnyín. Bí iná bá lọ tí kò sí jẹnẹrétọ̀, èsì tí yóò jáde lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Ooru máa ń ba C3 àti C4 náà jẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán nínú oòrùn oṣù kẹta kò sì lè sọ òtítọ́. Mo máa ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ wá, bí ó bá lè wá.

Bí owó bá kéré, báyìí ni èmi yóò ṣe ná an fún ẹbí tèmi. N ó kọ́kọ́ sanwó fún ibà, ṣúgà, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀, urea àti creatinine, kíka ẹ̀jẹ̀ pátá, CRP, àti ìtọ̀. Lẹ́yìn náà ni omi ọ̀pá ẹ̀yìn, bí dókítà bá ní kí á fà á. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mẹ́ta ti ẹ̀jẹ̀ dídì, kí C3, C4 àti anti-dsDNA sì tẹ̀lé wọn. Anti-ribosomal P ni n ó fi sí ìparí, bí owó bá ṣẹ́kù.

Gbogbo ìwé èsì ni kí ẹbí kó sínú fáìlì kan, kí wọ́n kọ ọjọ́, orúkọ yàrá àyẹ̀wò, àti oògùn tí aláìsàn ń lò lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti lupus anticoagulant ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé heparin àti warfarin, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, lè yí èsì rẹ̀ padà, dókítà tí yóò sì ka ìwé náà ní ọdún mìíràn kò ní ọ̀nà láti mọ̀ pé aláìsàn ń lo ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tí a fa ẹ̀jẹ̀ náà, àfi bí ẹnìkan bá kọ ọ́ sílẹ̀.